Ènìyàn Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Lẹ́nu Ọ̀nà Kan

Marlow Creek, Saskatchewan
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ara ògiri ilé ìdáná mi ṣe wí, kì í ṣe ti ẹlòmíràn

Lesia ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé otútù kò tíì máa yọ yín lẹ́nu ní Toronto? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dójú tì ọ́, pàápàá èyí tó ti ń dójú tì mí báyìí. Àmín. Èmi àti bàbá rẹ wà, a ti kórè àlìkámà tán àfi ti ẹ̀bá odò, ajá náà ń jẹun. Ó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí o ṣe fún wa lórí kọ̀ǹpútà, èyí táwọn èèyàn fi ń forúkọ sílẹ̀ fún àsè tòlótòló wa, ti pa ọgbọ̀n èèyàn rẹ́. Ardith tó ń bójú tó ilé ìkàwé mọ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù yìí, ó ní òun kò fẹ́ dà mí láàmú lásìkò ìkórè. Fọ́ọ̀mù kan náà ń sọ fún àlejò pé Àbámẹ́ta ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ni àsè, nígbà tó jẹ́ pé Àìkú ọjọ́ 19 ni, Àìkú ni wọ́n sì ń ṣe é láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ. Roman àbúrò rẹ rí ìyẹn, ó ní òun rò pé àwa la yí i padà. Ìwọ fúnra rẹ sì mọ méjèèjì, má sẹ́. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o ní, Mọ́mì, a ti mọ̀, ó wà nínú ìwé àwọn nǹkan tí a fẹ́ tún ṣe. Mo ní, nọ́ńbà mélòó? O ní nọ́ńbà 47. Lesia, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi darí ọ́fíìsì ilé ìpamọ́ ọkà, mo sì gba ìwé ẹ̀rí ìṣòwò ní Regina kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Ohun tó bá wà ní nọ́ńbà 47, wọ́n ti sin ín, ó ku kí wọ́n jẹ ìrẹsì ìsìnkú rẹ̀.

O sì mọ ohun tó wà nínú ewu. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yóò jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Bí orúkọ àwọn tó ń bọ̀ síbi àsè kò bá pé 150, wọ́n á ti gbọ̀ngàn ìlú pa kí yìnyín tó dé, wọn ò ní tan iná amúlégbóná rẹ̀ mọ́. Gbọ̀ngàn tí kò bá sì gbóná ní ìgbà òtútù kan, òrùlé rẹ̀ kì í dúró de èkejì. Ìwé tí fọ́ọ̀mù rẹ kọ sọ pé 132 ni wá. Ká ní àwọn ọgbọ̀n yẹn wà níbẹ̀ ni, 162 ni. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn lọ́wọ́, mo gbé e lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀, ó ní àwọn ò gba ìwé ọwọ́ mọ́, ohun tí kọ̀ǹpútà bá wí làwọn á gbọ́. Roman ní kí n dá àdírẹ́sì irọ́ sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó panu dé. A kì í fi irọ́ ti òrùlé ró.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà orí ìwé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fẹjọ́ sùn lórí fọ́ọ̀mù náà gan-an, nísàlẹ̀ níbi tí o ti ní kí èèyàn bá yín sọ̀rọ̀. Mo lo ímeèlì ilé ìkàwé. Ó ní àdírẹ́sì yìí ti fẹjọ́ sùn tẹ́lẹ̀, kí n ní sùúrù. Ta ló ti fẹjọ́ sùn? Harvey Dyck, ó ní àwọn lẹ́tà orí fọ́ọ̀mù náà ti kéré jù. Ìdí tí mo fi wakọ̀ lọ ra sítáǹbù ní ìlú kejì nìyẹn.

Ní báyìí, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ. O ní fọ́ọ̀mù náà kọ́ ló jẹ̀bi, pé olùrànlọ́wọ́ kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀ tí o kọ fún iṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń bójú tó àdírẹ́sì ímeèlì, èkejì ń bójú tó ọjọ́. O ní ìlà bíi mẹ́wàá mẹ́wàá péré ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe èèyàn, kí n yéé bi ọ́ pé níbo ni wọ́n ń sùn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà, mo rò ó nígbà tí mo ń fọ ìgò, mo rò ó nígbà tí mo ń wakọ̀ gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ lóko, ibi tí mo rò ó dé ni pé ohunkóhun tí a bá lè rán níṣẹ́, tó sì lè jẹ́ iṣẹ́ náà lódìlódì, òṣìṣẹ́ ni. Ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́wàá, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Òṣìṣẹ́ sì ní ọ̀gá, ọ̀gá náà ni mò ń kọ̀wé sí yìí.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá pè wọ́n? O ní kò sí. A ó fi nǹkan lé wọn lọ́wọ́, wọn á tún un ṣe, wọn á dá a padà, wọn á sì gbàgbé pé àwọn rí wa rí. Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu débi pé ọ̀dùnkún mi jóná. Òṣìṣẹ́ tí kì í jẹun, tí kì í gba ìsinmi, tí kì í ṣòfófó! Mi ò bá gba mẹ́wàá sí ilé ìpamọ́ ọkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàgbé gbogbo nǹkan kò lè fi àṣìṣe àná kọ́gbọ́n, àfi kí ẹni tó kọ ọ́ tún un kọ. Mo tún bi ọ́ pé ṣé àwọn méjèèjì mọ ara wọn. O ní inú fáìlì kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Bíi ti Harvey àti ìyàwó rẹ̀ náà nìyẹn.

Mo wá dán wọn wò fúnra mi. Mo jókòó sí ilé ìkàwé láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí Ardith fi ń mi kọ́kọ́rọ́ sí mi létí. Ká kọ́kọ́ yin ẹni tó yẹ ní yíyìn: olùrànlọ́wọ́ àdírẹ́sì kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fi àlàfo síwájú àdírẹ́sì, mo fi sẹ́yìn, ó gé e kúrò. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba bí ẹni ń pariwo, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì @ roboto àárín rẹ̀ kúrò, ó ní rárá o, kí n tún un wò, kò sì bú mi. Ìwà rẹ̀ dáa ju ti akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ.

Ibi tó ti kùnà ni pé ó gbà pé àdírẹ́sì kan, èèyàn kan. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà wa kò ní ímeèlì tiwọn. Ti ilé ìkàwé ni gbogbo wọn ń lò, láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pa. Ardith á tẹ lẹ́tà sórí ìwé, á kọ orúkọ sí i lókè, á fi rọ́bà dì í, olúkúlùkù á wá mú tirẹ̀ lọ́jọ́rú. Lẹ́tà kan kò sọnù rí. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi àdírẹ́sì yẹn forúkọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wọlé, olùrànlọ́wọ́ rẹ á wò ó, á ní, áà, oníyẹn tún ti dé, ó ti yí orúkọ padà. Á pa ti àná rẹ́, á kọ ti òní. Bó ṣe ń pa wọ́n rẹ́ nìyẹn títí ó fi ku ẹni tó dé kẹ́yìn, Harvey Dyck, tí kì í tilẹ̀ jẹ tòlótòló, tó jẹ́ pé páì elégédé nìkan ló ń bá wá. Harvey ti ń yan kiri ìlú báyìí. Ó ní òun nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ní Marlow Creek, kí àwa tó kù wá máa tọrọ àyè ìjókòó lọ́wọ́ òun.

Lesia, ẹnu ọ̀nà ni àdírẹ́sì, kì í ṣe èèyàn. Àwa méje la jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé nílé bàbá mi, kò sí ẹni tó kà wá sí ọ̀kan rí, pàápàá nígbà oúnjẹ. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà.

Ti ọjọ́ ló le jù, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Mo kọ ọjọ́ 19, ó dá 18 padà fún mi. Mo kọ ọjọ́ ìbí bàbá rẹ, ó fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Mo kọ ọjọ́ kìíní ọdún, ó gbé mi padà sínú ọdún tó kọjá. Mo wá ní kí Maureen, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó wà ní England, bá mi kọ ọjọ́ 19 láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Wọ́n fún un ní 19 gẹ́lẹ́! Mo ní, ó parí, England ni ọkàn olùrànlọ́wọ́ yìí wà.

Mo pè ọ́, o sì jẹ́wọ́. O ní bí a bá fún un ní ọjọ́ láìsọ aago, òun fúnra rẹ̀ á fi aago méjìlá òru ti London, irú èyí tí wọ́n ń lò nígbà òtútù, kún un, á wá túmọ̀ ìyẹn sí aago tiwa, á bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn náà á ju aago nù, á gbé ọjọ́ tó kù lé wa lọ́wọ́. Mo ní, ta ló bi í ní aago? À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ọjọ́ àsè kì í ṣe aago. Ọjọ́ 19 ni ọjọ́ 19 ní Marlow Creek, bí ilẹ̀ London mọ́, bí ó ṣú. Àwa tí a kì í fọwọ́ kan aago wa láti ọdún dé ọdún, nígbà tí ẹ̀yin ará Toronto ń yí tiyín síwá sẹ́yìn, ṣé àwa ló yẹ kí wọ́n máa fi aago dààmú? Mo ní, ìwọ kò ha dán an wò kí o tó kó o fún wa? O ní o dán an wò, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n aago London ni ẹ yí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń dán nǹkan wò sí. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo káwọ́ lérí. Bàbá rẹ rò pé ẹnì kan kú ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù wá kù. Màmá Nettie Fedoruk pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún nígbà ẹ̀rùn yìí. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń fi ewé kábéèjì di ìrẹsì àti ẹran fún àsè náà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá mú lẹ́tà ìdánilójú tirẹ̀ bí gbogbo ọdún, kò bá nǹkan kan, lẹ́tà Harvey nìkan ló wà nílẹ̀. Kò pariwo. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, Verna, ṣé mo ti dàgbà jù ni? Mo ní, Màmá, rárá o, kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe. Ó ní, ọmọ mi, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe, ẹ̀yin lẹ ń wá ọ̀nà tí ẹ ó gbà sọ ọ́ fún mi. Lánàá ó gbé ìkòkò ńlá rẹ̀ wá sí ìloro mi, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó, ó ní kí n fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Kó tó lọ ó tún padà wá, ó ní kí ẹni náà má fi irin họ inú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Sọ fún olùrànlọ́wọ́ àdírẹ́sì pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wò bóyá àdírẹ́sì mọ́, kó má ka èèyàn, kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún orúkọ. Sọ fún ti ọjọ́ pé ọjọ́ tó bá wọlé láìní aago, kó jáde láìní aago. Bí ó bá ṣeé ṣe, kó àwọn méjèèjì wá jókòó ti Ardith ní ọjọ́rú kan, kí wọ́n wo bí a ṣe ń pín lẹ́tà, mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ tí ìyẹn ò lè ràn lọ́wọ́. Kí o tún fi lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ránṣẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kí ti Màmá Nettie ṣáájú.

Nínú lẹ́tà mìíràn, ibí yìí ni mo ti máa ń béèrè owó. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò béèrè. Fi owó náà wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọjọ́ 18, ìwọ nìkan ni ọjọ́ yẹn tọ́ sí, kí o wá jókòó ti Màmá Nettie, kí ẹ jọ di kábéèjì. Ọlọ́run tó fún ọ lọ́pọlọ kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o bá kọ́, kò ní wó lé ọ lórí. A ò ní fi orúkọ rẹ pa orúkọ ẹlòmíràn rẹ́, ẹlòmíràn kò sì ní fi tirẹ̀ pa tìrẹ rẹ́.

Ìkòkò náà ṣì wà ní ìloro, mi ò fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ fún Màmá Nettie pé lẹ́tà tirẹ̀ ń bọ̀, ó sì ti ń fa igi lé ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, kò fo ọ̀kan rí. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, aago méjìlá ọ̀sán, kí gbogbo rẹ̀ ti tọ́. Aago ògiri mi ni mo wí.

Mọ́mì rẹ,
Verna