Nítorí Irùngbọ̀n Rẹ

Lamingo,
Jọ́ọ̀sì.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, 1979.

Adérìnsọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ara rẹ le dáadáa bí lẹ́tà yìí ti ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè rí agbára kọ irú lẹ́tà tí o kọ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara tèmi náà le. Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè gbogbo wa ti ń là, gbogbo àga inú ilé sì ti kún fún eruku. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa.

O ní o gbọ́ pé mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó. O ní Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, akápò ìjọ wa, kọ̀wé sí Àǹtí Fúnkẹ́ ní Èkìtì lọ́hùn-ún pé obìnrin Ìlọrin kan ń wẹ ẹsẹ̀ fún bàbá rẹ ní ojú gbogbo ayé, àti pé mo ti ń pa ojú dán kiri bí ọ̀dọ́mọkùnrin. O ní ilẹ̀ kò tíì gbẹ lórí ìyá rẹ, àti pé nítorí náà o kò ní wá sílé fún Kérésì. Ó dáa. Jókòó, ọmọ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe ìyàwó ni mo ń wá. Irùngbọ̀n rẹ ni mo ń wá oògùn sí.

Ìwọ náà lo kọ̀wé sí mi nínú oṣù Kẹwàá pé níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín rán yín lọ láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọ kan nawọ́ sókè ní kíláàsì, ó bi ọ́ bóyá “Sà” ni kí àwọn máa pè ọ́ tàbí “Míìsì”. O ní gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, o sì lọ sunkún nínú ṣáláńgá títí aago fi lù. O ní o kò ní dúró níwájú ọmọ kankan mọ́, pé kí n jẹ́ kí o fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, kí o lọ wá iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa wo àgbọ̀n rẹ. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yẹn tán, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́.

Mo ti mọ̀ tipẹ́, Rìnsọ́lá. Mo mọ̀ láti ìgbà tí bíléèdì mi ti ń kú kí n tó lò ó dé ìdajì ọ̀sẹ̀. Bí ìyá rẹ bá wà láyé, òun ni ìbá bá ọ sọ ọ́, èmi ì bá sì máa ka ìwé ìròyìn mi bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sí mọ́, èmi nìkan ló kù fún ọ. Mo sì ti rí bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lábẹ́ igi gúáfà wa, tí èyí tó ya ọ̀lẹ jù nínú wọn ń sáré wá kí o tó pè é. Iṣẹ́ yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kí èèyàn wá fi í sílẹ̀ torí irun àgbọ̀n? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ni mo bá wọ ẹ̀wù mi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan ní Tina Junction. Mo rọra wí fún ọmọkùnrin tó wà nídìí ọjà pé mo fẹ́ ìpara tí àwọn obìnrin fi ń pa irun run. Ó yíjú sẹ́yìn, ó sì kígbe pé, “Moses! Ṣé ìpara irun àwọn obìnrin ṣì kù? Bàbá Títíṣà ló fẹ́ rà á o!” Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló yí ojú wò mí. Mo sanwó, mo sì rìn jáde bí ẹni tó jí nǹkan.

Mi ò lè fi ohun tí mi ò mọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi kí ó lọ fi pa ojú. Mo fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì wò. Háà! Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí èèyàn tètè fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n mo jókòó ti ìwé àwọn ọmọ tí mò ń máàkì, mo gbàgbé. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, mo sáré fọ̀ ọ́, irun bá a lọ, awọ náà sì bá a lọ. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ń dán bí ti ọmọ ọwọ́, èkejì sì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Adégbénró ní, “Ọ̀gá, ẹ ti ń dọ̀dọ́ o!” Mo ní kòkòrò ló jẹ mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ Àlhájà Sàdíátù, opó ọmọ Ìlọrin tó ń ta ìborùn, tìróò àti lọ́fíńdà fún àwọn ọmọ yunifásítì ní Bauchi Road. Mo ní ẹni tó bá ń ta nǹkan ẹwà á mọ nǹkan ẹwà, ni mo bá lọ bá a. Mo ní ẹnìkan ló rán mi. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Hàbà, Málàmù! Ṣé Rìnsọ́lá ni ẹnìkan náà?” Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, “Gbogbo ìgbà tó wà nílé ló ń so ìborùn mọ́ àgbọ̀n, ó ní òtútù ni. Òtútù Jọ́ọ̀sì kì í mú èèyàn ní àgbọ̀n nìkan.” Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun lọ sí Mẹ́kà, àwọn obìnrin Sùdáànì kọ́ òun bí a ṣe ń se ṣúgà pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí yóò fi máa fà, tí a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irun, tí a ó sì fà á yọ. Mo rò pé nítorí ọjà ló ṣe kọ́ ọ.

Ó sè é fún mi nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí ilẹ̀kùn iwájú wà ní ṣíṣí gbayawu nítorí ẹnu ayé. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ṣúgà náà mọ́ ojúgun, ó ní kí n fà á. Mo fà á. Adérìnsọ́lá, ìyá tó bí mi lọ́mọ ni mo ké pè! Ṣúgà lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mi, ni Àlhájà bá gbé búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó ń bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i kí ó lè ṣí. Ibi tí a dé nìyẹn tí Adégbénró fi yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní òun wá ra lọ́fíńdà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí àfi nínú Bíbélì.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Áfà Mùsílíù, àbúrò Àlhájà, wá sílé mi pẹ̀lú àgbààgbà Ìlọrin méjì. Adégbénró náà tẹ̀lé wọn. Áfà kò pariwo o. Ó ní, “Málàmù, a ò wá bá yín jà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí ẹ sì mọ̀ pé kò ní fẹ́ ẹni tí kì í kírun. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, kí ni ẹsẹ̀ yín ń wá nílé opó?”

Bí mo bá sọ òtítọ́, orúkọ rẹ wọ ẹnu Adégbénró nìyẹn, ó sì dé Èkìtì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ Àlhájà ló ń bàjẹ́, obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí, tó ṣe mí lóore. Mo ń wo ilẹ̀, òógùn sì ń bọ́ lára mi nínú ọyẹ́.

Àfi bí Àlhájà ṣe wọlé. Wọ́n ti sọ fún un ní ọjà pé wọ́n ń lọ sílé mi. Ó kí gbogbo wa, ó jókòó, ó sì tú ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. “Mùsílíù, sún mọ́ mi. Wo àgbọ̀n mi.” Rìnsọ́lá, irun wà níbẹ̀, dúdú àti funfun, ó pọ̀ tó ti áfà ọ̀dọ́. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ló ti wà níbẹ̀. Ọkọ mi kú, kò mọ̀. Èmi ni mo bẹ Málàmù kí ó bá mi ra oògùn òyìnbó, torí ojú ń tì mí. Kó má baà bó mi lójú ló ṣe ń dán an wò lára tirẹ̀. Wàláhì, ẹ ti rí ohun tí ẹ wá wò. Ó ti tán.”

Áfà Mùsílíù dìde, ó mú ìborùn náà, òun fúnra rẹ̀ ló fi bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.” Ó bẹ̀ mí pẹ̀lú. Adégbénró ti bá ẹ̀yìnkùlé lọ.

Nígbà tí ó ku àwa méjì lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀. Ó ní, “Málàmù, mi ò bímọ. Ká ní mo bí obìnrin, ó ṣeé ṣe kí irun yìí ti ara mi bá a, èmi ni ǹ bá sì dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n má baà fi ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí n dúró níwájú tiyín.” Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ mi, mo sunkún.

Adégbénró kò lè pa ẹnu mọ́, o mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Bauchi Road ti ń pe Àlhájà ní “Hajiya Mai Gemu” báyìí, èyí ni Àlhájà Onírùngbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo fẹ́ gbá ọmọ náà létí. Àlhájà ní kí n fi í sílẹ̀. Ó dá ọmọ náà lóhùn, ó sì ta tìróò fún ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ti ń yọ́ wá bá a nílé pẹ̀lú ṣúgà tiwọn. Kò dárúkọ ẹnìkankan fún mi, mi ò sì bi í. Ohun tó sọ kò ju pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn pọ̀ tó báyìí.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, má fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Padà sí kíláàsì náà. Bí ọmọ yẹn bá tún nawọ́ sókè, sọ fún un pé Míìsì ni, kí o sì bi í ní ìṣirò tó le. Wá sílé fún Kérésì, kí Àlhájà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Bí o bá tún fẹ́ fi irun náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ ni, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ró níbi tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti fẹ́ yẹ̀. Àwọn ọmọ tí o bá kọ́ yóò rántí rẹ sí rere. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ọ yóò di ayọ̀ fún ọ, o ò sì ní dá nìkan wà láyé. Kí ìyá rẹ máa sinmi, kí ó sì máa wò ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Bá mi kí Àǹtí Fúnkẹ́, kí o sì ka ibi tó bá yẹ nínú lẹ́tà yìí fún un.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò fẹ́ ìyàwó,
J. A. Akínladé.

Mo tún rántí: Àlhájà ní ṣúgà kì í mú irun kúkúrú. Ó ní má fi abẹ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó wá. Mo mọ ohun tí a ń sọ fún ọ yẹn. Wàá fi í dúró níwájú kíláàsì, wàá sì fi í wọ rélùwéè láàárín èrò. Èmi náà kò ní fá tèmi láti òní lọ. Mà á dúró dè ọ́ ní ìdíkọ̀ rélùwéè ní ọ̀sán gangan. Má so nǹkan kan mọ́ àgbọ̀n. Ẹni tó bá rí wa, kí ó mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ.