Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Wá Wo Ọwọ́ Tíṣà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí òjò ṣe ń kí òrùlé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdákẹ́. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa nínú ilé gíga tí o ń gbé yẹn? Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ojú tó bá wò ọ́ á wò ọ́ sí rere, ẹnu tó bá pè ọ́ á pè ọ́ síbi oúnjẹ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tó fi ẹ̀ka igi ṣe ibùsùn, tí kò já bọ́, á bá mi ṣọ́ ọ. Àmín.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà láì di ògiri mú, àfi bí wọ́n bá rántí pé ó ń dùn wọ́n. Adìẹ aláwọ̀ eérú yẹn ti pamọ, gbogbo ọmọ ló wà láyè. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Òjò ni ò jẹ́ ká gbádùn. Ó rọ̀ títí odò fi kún, ó wá gbé afárá lọ, gbogbo ẹ̀ pátá, bí ìgbà téèyàn ká ẹní kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìkùukùu ti ń bo ojú omi láràárọ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ létí fèrèsé, n kì í rí òdìkejì mọ́, àkùkọ wọn nìkan ni mò ń gbọ́, bí ẹni pé ojú àlá ni wọ́n kó ìlú náà lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé òdìkejì odò ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí Eyínmẹ́nugún ń kọ́ ti ń wá. Eyínmẹ́nugún lèmi pè wọ́n o, torí ìyàwó ilé ni mí. Ẹ̀yin yòókù ẹ máa pe àbúrò bàbá rẹ obìnrin ní Tíṣà yín. Omi náà le, kò sí ìyá tó máa gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wá sọ pé ìjọba ní kí kíláàsì má dúró, inú fóònù ni kí wọ́n ti máa ṣe é. Wọ́n kó fóònù sọdá fún àwọn ọmọ, wọ́n fún Eyínmẹ́nugún ní tiwọn, ó fẹ̀ bíi wàláà. Ọ̀gá ní bí kò bá bọ́ sí i kí sáà yìí tó parí, wọ́n á pa kíláàsì òdìkejì rẹ́, kí ọmọ kálukú lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn, torí o ti sọ fún mi pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń kọ́ ilé ìwé orí ayélujára yìí níbi iṣẹ́ yín. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ti di kọ́lékọ́lé. Bírìkìlà ẹ̀yìnkùlé wa bi mí pé kí lẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀, mo ní o ò tíì sọ, ó ní kí n kìlọ̀ fún ọ kí o má sùn nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ni mò ń jẹ́ o. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo sùn lọ lórí aṣọ tí mò ń rán, mo sì rí ilé ìwé náà lójú oorun. Àwọn bẹ́ǹṣì ń léfòó lójú odò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ jókòó sórí wọn, aṣọ wọn ò tutù, wọ́n ń kàwé tiwọn lọ. Ọ̀kan wò mí, ó ní kí n bá òun rán àpò òun tó ya. Kí n tó rí abẹ́rẹ́, omi ti gbé e kọjá.

Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ilẹ̀kùn ilé ìwé yín yìí ti pọ̀ jù. Eyínmẹ́nugún á wá jókòó sí pálọ̀ wa, torí ọ̀dọ̀ wa ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yà sí, wọ́n á gbé awò sójú, wọ́n á tẹ ibì kan, á gbé wọn lọ síbi tí wọn ò dágbére. Ó ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìwọlé wá. Wọ́n mú un wá. Ó ní kò lágbára tó. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ wo ló lágbára ju àdúrà lọ, kí wọ́n kọ àdúrà sí i. Wọ́n kọ ọ́, ó ní ó ti gùn jù. Lọ́jọ́ míì ó bi wọ́n bóyá èèyàn ni wọ́n. Àgbà tíṣà! Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ èèyàn lóòótọ́, kí wọ́n tọ́ka sí gbogbo àwòrán tí kẹ̀kẹ́ wà. Wọ́n tọ́ka, ó ní rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi jẹ́rìí, mo gbé ojú sún mọ́ ọn, mo sọ fún un pé mo mọ ìyá tó bí wọn. Kò dá mi lóhùn.

Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni ti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìbéèrè ìṣirò sínú ẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, ó ní àkókò ti tán, ó sì gbé gbogbo ẹ̀ mì. Wọ́n yọ awò, wọ́n nu ún, wọ́n tún nu ún, wọ́n ní, ìyàwó mi, ó jọ pé mo ti gọ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìṣirò o! Wọ́n ní àwọn á lọ bá ọ̀gá pé kó wá ẹlòmíì. A sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo sí ọ lórí fóònù lọ́jọ́sí, tí o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o máa rán ẹnì kan wá wò ó.

Mo rò pé mẹkáníìkì lo máa rán, tó máa gbé sípánà dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wọlé, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó kí wa dáadáa, ó ní ìwọ àti òun lẹ jọ ń ṣiṣẹ́, òun wá wo Tíṣà. Mo ní wo Tíṣà báwo? Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó tì wọ́n ni. Ó sì jókòó tì wọ́n lóòótọ́. Kò fọwọ́ kan fóònù náà. Ọwọ́ Eyínmẹ́nugún ló ń wò. Bí ọwọ́ bá lọ sápá ọ̀tún, ojú ẹ̀ á bá a lọ. Bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, òun náà á mí kanlẹ̀. Ó wá rọra sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn jáde, kí wọ́n má fi ìkankan pa mọ́ fún òun. Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Eyínmẹ́nugún tí wọ́n ti ń dá gbé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú! Mo sáré wọ yàrá, mo sọ fún bàbá rẹ pé àna ti dé o, ṣùgbọ́n ọmọdé ni.

Bàbá rẹ gbàgbé pé orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń tọ́jú, wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde sí pálọ̀, wọ́n fìdí lé àga ńlá. Wọ́n bi ọmọ náà pé ọmọ ta ni, kí niṣẹ́ ẹ̀, ṣé ó sì mọ̀ pé Tíṣà tó bí i lọ́mọ. Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, tìtorí bọ́tìnnì lòun ṣe wá, bọ́tìnnì ló pọ̀ jù níwájú Tíṣà, wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa tẹ̀. Bàbá rẹ yíjú sí mi, wọ́n ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ni, ṣebí aránṣọ ló yẹ kó bá sọ ọ́. Èmi náà tètè gbé agolo bọ́tìnnì mi jáde, mo da gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì, ti kóòtù, ti súwẹ́tà, ti aṣọ ìkókó, mo ní kó ṣa èyí tó bá wù ú, kó jẹ́ kí Tíṣà simi.

Ni Eyínmẹ́nugún bá bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí afárá ti lọ. Wọ́n rín in títí awò fi já bọ́ lójú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe tẹjú mọ́ àwọn bọ́tìnnì tó fọ́n ká lójijì. Ó bi Tíṣà jẹ́ẹ́jẹ́ pé ká ní afárá ò lọ, ká ní inú kíláàsì gan-an la wà, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀? Eyínmẹ́nugún mú bọ́tìnnì pupa kan, wọ́n ní àwọn á kí àwọn ọmọ. Ó ní kí ló kàn? Wọ́n mú dúdú, wọ́n ní àwọn á pe orúkọ, kí àwọn lè mọ ẹni tára ẹ̀ ò yá. Wọ́n fi bọ́tìnnì kóòtù ńlá ṣe ẹ̀kọ́. Wọ́n wá ń fọwọ́ wá nǹkan nínú àwọn tó kù, ó pẹ́, wọ́n mú èyí tó kéré jù, tó ń dán bí omi ojú, wọ́n ní ti ọmọ tí kò bá yé nìyí, tí ojú ń tì láti sọ. Ó ní ṣé ó tán? Wọ́n ní ó tán. Ó wo òkìtì bọ́tìnnì tó ṣẹ́ kù, ojú ẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó ní gbogbo ìyẹn làwọn lọ kó dí wọn lọ́nà. Ó fi fóònù ya àwòrán tábìlì náà. Mo ní kó mú díẹ̀ lọ, kò mú ìkankan.

Ó pa dà sọ́dọ̀ yín, ó sì pẹ́ tí a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá ilé ìwé ti ń wá wo ojú wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù náà dá tan iná, ó ní òun ń sọ ara òun dọ̀tun, ká ní sùúrù. Bàbá rẹ ní bí gbogbo wa bá lè rí irú ẹ̀ ṣe. Nígbà tó ṣí, ọmọ mi, ibi gbogbo mọ́ roro. Ó kí Tíṣà káàárọ̀. Ohun róbótó mẹ́rin ló wà lójú ẹ̀, kò sí òmíràn. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i, ó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ lọ. Kò sì bi wọ́n mọ́ bóyá èèyàn ni wọ́n. Ó dá mi lójú pé ìwọ lo bá a wí.

Eyínmẹ́nugún tẹ èyí àkọ́kọ́. Kò sí nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń tan fìtílà láti fèrèsé dé fèrèsé. Wọ́n pe orúkọ, wọ́n ń dáhùn. Ìṣirò bẹ̀rẹ̀, méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Mo wá gbọ́ ohun kan tí n kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ìkùukùu bo odò, ohùn àwọn ọmọ náà sì ń gba orí omi bọ̀, ohùn ti gidi, kí ti inú fóònù tó dé. Etí odò ni gbogbo wọn kóra jọ sí, àṣé ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn dára sí. Omi á kọ́kọ́ wí mẹ́rin, fóònù á wí mẹ́rin tẹ̀ lé e. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Bàbá rẹ fara ti òpó ilẹ̀kùn, wọ́n ń ka tiwọn lábẹ́ ẹnu. A ò rí ẹnikẹ́ni, a ò rí igi, a ò rí ilẹ̀, ohùn nìkan.

Ibẹ̀ la wà tí róbótó tó kéré jù, ti ọmọ tí kò bá yé, tàn. Ọmọbìnrin kan ni, èyí tó máa ń fara pa mọ́ sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Eyínmẹ́nugún ní láti ọjọ́ tó ti ń wá sílé ìwé, kò nawọ́ rí. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti yé òun. Eyínmẹ́nugún gbé fóònù sún mọ́ra. Wọ́n wá ní o ṣeun ọmọ mi, jẹ́ ká jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù sì bá a bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé láti ọjọ́ táwọn ti ń kọ́ni, àwọn èèyàn ti ń wá jókòó sẹ́yìn àwọn pẹ̀lú gègé, tí wọ́n ń wá ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára àwọn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tẹ́nì kan máa jókòó ti àwọn láti wá ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára irinṣẹ́. Wọn ò pa kíláàsì òdìkejì rẹ́ mọ́, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní dátà ni ilé ìwé yìí ń jẹ, oúnjẹ ẹ̀ sì pọ̀ ju ti adìẹ lọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi máa bọ́ ọ, kí o fi ti òróró ẹ̀rọ mi lé e. Jọ̀ọ́, má fi sí báńkì. Akọ̀wé ibẹ̀ ní owó mi wà nínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i ká jọ wò ó, ó kọ̀.

Ọmọ mi, o dẹ ọ̀nà fún ẹni tó kọ́ ọ, ọ̀nà á dẹ̀ fún ọ. O ò ní pe ẹni ire kó má dá ọ lóhùn. Ibikíbi tí o bá tẹ̀ láyé yìí, ire ni á máa ṣí.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ, létí fèrèsé.