Wọ́n Ní Kí N Búra Pé Èmi Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ

Ugbuwangue, Warri,
Ọjọ́ Ajé.

Ọlámigòkè, ọma mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí atukọ̀ sùn kọjá ẹnu odò rẹ̀, òun ni kó máa ṣọ́ ọ lórí àga tí o ń jókòó sí ní ọ́fíìsì, kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ lábẹ́ rẹ. Àmín. Àwa náà wà. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti sàn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n sọ fún ọ kí o má baà dáwọ́ owó oògùn dúró, nítorí náà má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Omi kún dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo inú ilé, ó sì padà. Ẹja kò pọ̀. Mo ti gbé ọkọ̀ fún Tósìn ọmọ àbúrò mi, kó máa fi ṣiṣẹ́, nítorí apá mi ọ̀tún kò lè fọ́n àwọ̀n mọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni pé mo ti ríṣẹ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ náà wà. Má fò dìde. Kì í ṣe yahoo. Mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn nìyẹn, nítorí ní Warri níbí, tí èèyàn bá ní inú fóònù lòun ti ń rówó, ọrùn rẹ̀ làwọn èèyàn á kọ́kọ́ wò bóyá ó ti ra ṣéènì. Abísọ́lá ló bá mi wá a, ìyàwó ẹnjiníà tí iléeṣẹ́ epo gbé wá láti Èkó, tí wọ́n jọ ń wá sí ìjọ wa láti ọdún tó kọjá. O mọ̀ pé ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ka Bíbélì Yorùbá fún ìjọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni ẹ̀rọ kan ń wá. Ó ní àwọn òyìnbó kan ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá, wọ́n sì ń wá àwọn tó lè kà á geere pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà máa gbọ́. Ó ní òun Abísọ́lá náà ń ṣe é, wọ́n sì ń sanwó lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀rọ náà. Ó ní kò lọ́jọ́ orí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kúkú rán an wá sí Ìgbókòdá fún oṣù mẹ́ta, nítorí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ó ní Bàbá, kò lẹ́sẹ̀. Mo wá bi í ní èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù, pé ṣé mo máa parọ́ fún opó òyìnbó kankan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. Ó ní rárá. Mo ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá rẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀ ní Effurun. Fóònù mi gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà jáde, Abísọ́lá ní kí n kàn fọwọ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ mo gbà sí. Mo sọ fún un pé èèyàn kì í gba ohun tí kò tíì gbọ́, pé bàbá mi tẹ ìka bọ ìwé kan láìkà á, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa létí omi ṣe lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Aago mẹ́wàá la bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì rẹ̀ jóná, a ò tíì dé ìdajì. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ní bí ìjà bá dé, ilé ẹjọ́ kan lókè òkun la máa lọ, mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò ní páásípọ́ọ̀tù. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo tẹ mo gbà, ṣùgbọ́n mo fi ẹnu ara mi sọ fún fóònù náà pé mi ò ní páásípọ́ọ̀tù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n búra pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọlámigòkè, mo rò ó wò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo ní èmi Adéyẹyè, Ìyádùnní ló bí mi, Ìgbókòdá ni wọ́n ti bí mi, ẹran ara ni mí. Abísọ́lá ní àpótí kékeré yẹn nìkan ni kí n tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbà mí gbọ́. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n mú kẹ̀kẹ́ nínú wọn. Mo wò ó títí, mi ò rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kankan, gbogbo èyí tí wọ́n yà síbẹ̀ jẹ́ básíkù lásán. Mo ní kò sí. Ó ní kí n tún gbìyànjú. Ó tún gbé iná ojú títì tó ń dá ọkọ̀ dúró jáde, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò tàn, nítorí náà mi ò kà á mọ́ iná. Ó tún kọ̀. Abísọ́lá bá mi tẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, mo sì sọ fún un pé òun ló búra, kì í ṣe èmi.

Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ rí ojú mi. Wọ́n ní kí n ṣí fìlà, mo ṣí i. Wọ́n ní kí n yíjú sósì, kí n yíjú sọ́tùn-ún, kí n wá ṣẹ́jú. Mo ṣẹ́jú, mo sì ní kí Abísọ́lá bá mi sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ obìnrin ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, ìyàwó mi ló jókòó tì mí yìí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé nìyẹn. Fóònù á gbé gbólóhùn kan wá, màá kà á, màá fi ránṣẹ́. Ogún àkọ́kọ́, wọ́n dá mẹ́rìndínlógún padà. Wọ́n ní mo ń ka ọma níbi tí wọ́n kọ ọmọ sí. Òótọ́ ni, ẹnu Ìlàjẹ ni. Mo tún ahọ́n mi ṣe. Wọ́n tún ní ariwo wà lẹ́yìn mi. Mo rò pé aláìsàn ló ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ní kí ara ó le. Abísọ́lá wá ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àti àkùkọ ìyá rẹ ni wọn ò fẹ́ gbọ́. Mo wá ń wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kà á nínú yàrá, òógùn á bò mí, wọ́n á sì gbà á.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kì í parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní Adé gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo kà á. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ iye tí tòmátì ń lọ. Mo kọ̀wé sí wọn láti béèrè bóyá Adé padà rí kọ́kọ́rọ́ náà, wọn ò tíì fèsì. Wọ́n tún ní kí n ka bàbá mi kú lánàá. Mo kà á sí bàbá mi kú lọ́jọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n dá a padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wúrà tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé, ó gbọ́ tí mo ń sọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni àkùkọ kọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni olólùfẹ́ mi, ọkọ̀ òfuurufú mi ti fẹ́ gbéra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé etí Tósìn létí omi. Tósìn wọlé, ó ní, Uncle, dem say you don join yahoo for old age. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn pé mo ń ka ìwé fún ẹ̀rọ ni. Ó wò mí, ó ní Uncle, abeg, no tell anybody that one.

Àwọn alàgbà wá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn mẹ́ta. Ayọ̀dàmọ́lá tó jẹ́ alága wọn ló sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ò dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí n sinmi lórí Bíbélì kíkà títí àwọn á fi wádìí. Mo ní kí wọ́n bi Abísọ́lá, wọ́n ní ó ti lọ Èkó, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ọjọ́ Àìkú méjì ni ẹlòmíràn fi kà á. Ó pe Hábákúkù bí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Ìjókòó ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, ìyá rẹ kò sì jáde nílé lọ́jọ́ méjèèjì. Nígbà tí mo padà délé, mo mú àwọ̀n kan tí kò ya, mo tún un ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá wo ohun tí mo ń ṣe. Mo ní kí gbogbo wọn wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, nítorí ariwo. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá rẹ ní bí wọn ò bá wọ̀ ọ́, kí wọ́n jáwọ́ lórúkọ ọkọ òun. Wọ́n wọ̀ ọ́. Àwa mẹ́rin, alága ní ọwọ́ ọ̀tún mi, a tan fóònù láàárín. Gbólóhùn tó jáde ni ìyá àgbà ń se ẹ̀wà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ayọ̀dàmọ́lá ní kí n gbé e fún òun, pé òun lòun máa kà á kí òun lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. O mọ̀ pé ó lọ yunifásítì. Ó kà á pé oòrùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Fóònù kọ àmì pupa. Ó tún kà á, oòrùn náà ni, àmì pupa náà ni. Mo ní òórùn ni, alága, ẹ̀wà kì í ràn. Alàgbà tó wà lẹ́sẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó mi bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀kan, àmì aláwọ̀ ewé jáde.

Nígbà tí a yọrí síta, alága nu ojú rẹ̀ pẹ́. Ó ní Adéyẹyè, ẹ má bínú. Mo ní kò sí ìbínú. Ó wá ní eélòó ni wọ́n ń san lórí ẹyọ kan, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo padà sídìí Bíbélì. Wúrà kò bẹ̀ mí. Ó gbé abọ́ edé kan wá fún ìyá rẹ, ó ní ó ṣẹ́kù, a sì ti jẹ ẹ́.

Owó iṣẹ́ náà kò tíì dé ọwọ́ mi. Abísọ́lá ti dé láti Èkó, ó ní inú wálẹ́ẹ̀tì mi ló wà. Mo bi í pé níbo ni wálẹ́ẹ̀tì náà wà, ó ní òkè òkun. Nítorí náà àpamọ́wọ́ mi ti dé ibi tí èmi fúnra mi kò dé. Ó ní ó di ìgbà tó bá pé ogún dọ́là kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde, ó sì ti kọjá mẹ́tàdínlógún.

Lọ́jọ́ Àìkú àná, wọ́n fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń wá ohùn ọmọdé tó ń sọ Yorùbá, kí òbí fọwọ́ sí i, ìlọ́po méjì làwọn á san. Inú mi dùn, mo ní mo ní méjì, àwọn ọmọ rẹ. Mo kọ Olúwatìmílẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo kọ Adéṣọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n wá bi mí pé èdè wo làwọn ọmọ náà ń sọ nílé. Mo gbé ìka mi sókè. Mo rántí ìgbà tí mo pè wọ́n kẹ́yìn, tí mo kí wọn títí, tí èyí ẹ̀gbọ́n ní good evening Grandpa, hold on for Daddy. Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àyè náà ṣófo, ó sì ń ṣẹ́jú sí mi. Abísọ́lá ní fọ́ọ̀mù náà á wà ní ṣíṣí títí di ìparí oṣù Kejìlá. Mo ti fi fóònù sórí tábìlì, a ò pa á, mi ò sì fi pe ẹnikẹ́ni, kí fọ́ọ̀mù náà má baà tì. Ìdí tí mo fi fọwọ́ kọ ìwé yìí nìyẹn, ọkọ Abísọ́lá ló ń mú un bọ̀ ní Àbújá.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, àti owó epo jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń ṣáàjì fóònù náà, nítorí kò gbọ́dọ̀ kú títí di oṣù Kejìlá. Ìyá rẹ ní kí o fi ti oògùn orúnkún sí i. Tí àyè bá sì yọ, kí o máa pè wá lórí fóònù ìyá rẹ lálaalẹ́, kí o gbé e fún àwọn ọmọ náà, màá máa ka Yorùbá fún wọn, kí wọ́n máa wí i tẹ̀ lé mi. Bí wọ́n bá ní ọma, mi ò ní dá a padà.

Kí ohun tí o ń wá má gba ẹ̀yìn rẹ kọjá. Kí o pẹ́ ju ọkọ̀ tí a fi ìrókò gbẹ́. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà dé ọjọ́ tí wọ́n á sọ ohun tó wà nínú wọn fún ọ, kí o sì gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyẹyè.