Fẹ́ńdà Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n gbé arúgbó ọkọ̀ kan wá lónìí. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àwọ̀ eérú tó ń fà sí búlúù — mi ò rí irú ẹ̀ lára ọkọ̀ tuntun rí. Ẹni tó ni ín kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Ìbọ̀wọ́! Nínú oòrùn yìí! Oníbọ̀wọ́ ni mo sọ ọ́ nínú ikùn mi. Ọkọ̀ náà ń jẹ́ Ìyàwó, nítorí bó ṣe ń kẹ́ ẹ.

Ohun tó fẹ́ ò pọ̀. Ibi mẹ́ta ti ha lára ilẹ̀kùn òsì iwájú. Kí n fi ọ̀dà dí i, kó bá ti àtijọ́ mu, kí n má fọwọ́ kan ibòmíràn. Lẹ́yìn náà kí n buwọ́ lùwé pé yàtọ̀ sí ibi mẹ́ta yẹn, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ṣì wà lára ẹ̀. Àwọn tó ń ṣàfihàn ọkọ̀ àtijọ́ ló ń béèrè ìwé náà. Láìsí i, Ìyàwó ò ní wọlé síbi àfihàn.

Ó ní bàbá òun ló rà á ní tuntun, kò sì sí pẹ́ńtà tó kùn ún rí. Wọ́n kàn máa ń gbé e wá dán ni — níbí, lọ́dọ̀ bàbá mi. "Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn, Màdáámù." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Mi ò sì tíì bi í ní nǹkan kan. Kí ló ń ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀ fún?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo fọ Ìyàwó. Mo gbé rọ́bà ẹnu búùtù sókè — oòrùn ò dé ibẹ̀ rí, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ wà. Ó dúdú ju ti òde lọ dáadáa. Àwọ̀ tí oòrùn ti fọ yìí ni mo gbọ́dọ̀ bá mu, kì í ṣe tinú agolo. Funfun, dúdú díẹ̀, búlúù bí orí abẹ́rẹ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi. Wò ó láàárọ̀, wò ó lọ́sàn-án, wò ó nírọ̀lẹ́. Ogójì ọdún ni bàbá yẹn fi kun ọkọ̀, mi ò sì rántí pé ó wa ọkọ̀ rí. Wọ́n á tì í wọlé fún un, wọ́n á tún tì í jáde. Ó ní òun ò fẹ́ràn ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo po ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dà á nù. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ara fu mí.

Ọ̀dà tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ bí irun. Ó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wà lára ilẹ̀kùn, ó wà lórí òrùlé. Fẹ́ńdà òsì iwájú — kò sí. Ó mọ́ níní. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ di òòfà, mo fi kan ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Mo fi kan fẹ́ńdà, ó já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá tẹ̀ ló wà lábẹ́ ibẹ̀! Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Òòfà ò sì lè gbá pọ́tì mú.

Ọkọ̀ yìí ti gbá nǹkan rí. Tàbí ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́, irọ́ lo pa fún mi. Orúkọ ta lo fẹ́ fi bò ó? Tèmi? Tí wọ́n bá gbé òòfà jáde níbi àfihàn ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Rọra, pánẹ́bítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun ló máa ń lu ibi tó bá tẹ̀ kí bàbá mi tó kùn ún, láyé ìgbà tí bàbá wà. "Rọra" ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Mo ní kó wá wo fẹ́ńdà. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Rọra, Ọmọ Ọ̀gá. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí o ṣe, ṣe ilẹ̀kùn. Buwọ́ lùwé fún ọkùnrin yẹn, kó máa lọ."

Ojú ẹ̀ ò gbé ibì kan. Ó sì ti lọ kí n tó rántí: mi ò sọ fún un pé ìwé kankan wà. Ta ló sọ fún un? Àbí òun àti Oníbọ̀wọ́ ti jọ mọ ọ̀rọ̀ náà? Bọ̀ọ̀dá Rọra tó gbé mi pọ̀n!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Oníbọ̀wọ́ yọjú. Mo bi í bóyá ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó wò mí, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó ní láéláé. Ó ní bí mo bá rí ohunkóhun, kí n jọ̀ọ́ sọ fún òun. Ó mọ eré ṣe o.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀. Ó lọ kí ìyá mi níwájú ilé. Ìyá mi dáhùn, ó mú ọ̀pá ẹ̀, ó tiro wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi! Ẹni tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìmu omi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Gbogbo àwọ̀ tí bàbá mi bá ti pò, ó máa ń kán an sórí páálí kékeré kan. Ẹ̀yìn páálí, ó máa kọ bó ṣe pò ó, ibi tó fi kùn, àti ọjọ́ tó kùn ún. Inú páànù bisikíìtì ni wọ́n wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Mo yọ́ wọlé nígbà tó ń wẹ̀, bí olè. Mo rí eérú tó ń fà sí búlúù. Mo gbé e lé etí inú fẹ́ńdà tí oòrùn kì í dé, mi ò rí páálí mọ́.

Ẹ̀yìn ẹ̀: "Fẹ́ńdà òsì." Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún yẹn. Oṣù kẹfà yẹn náà ni wọ́n gbé ìyá mi wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì ọsibítù. Ọkọ̀ kan gbá a, kò dúró. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n títí di òní.

Bàbá mi mọ ọkọ̀ tó gbá ìyàwó ẹ̀. Ó kùn ún fún wọn. Ó panu mọ́. Kí ni wọ́n fi tu ú lójú?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo dojú àwòrán bàbá mi kọ ògiri.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àwọ̀ ti bá a mu, láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́. Orí igi ìtayín ni mo fi ń kán an síbi tó ha, ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyá mi rí àwòrán tó kọjú sógiri. Ó ní ìwọ ọmọ yìí, kí ni bàbá ẹ ṣe fún ẹ? Mo gbé páálí náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní òun mọ̀ pé ó máa dé ọjọ́ yìí láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn wọlé, tí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Òun ló rán Bọ̀ọ̀dá Rọra sí mi.

Kò sẹ́ni tó sá lọ. Bàbá mi ló wa ọkọ̀ náà.

Ó ti dán an tán. Ìyá mi sì ni ojú ẹ̀ — ẹ̀yìn iṣẹ́, òun ló máa ń dúró lódìkejì títì wò ó lókèèrè, bàbá mi á wà á jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìyá mi rí ibì kan tí kò dán lára fẹ́ńdà, ó gbàgbé ara ẹ̀, ó bọ́ sójú títì, ó ń nawọ́ sí i. Oòrùn wà lójú bàbá mi. Kò rí i.

"Bàbá ẹ fẹ́ sọ fún ọlọ́kọ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ta ló tún máa gbé ọkọ̀ fún un?" Bọ̀ọ̀dá Rọra lu fẹ́ńdà náà. Bàbá mi kùn ún. Wọ́n dá ọkọ̀ padà, bàbá Oníbọ̀wọ́ tó ni ín ò mọ̀ dọ́jọ́ ikú. Bàbá mi ò jókòó sáyè awakọ̀ mọ́ láyé ẹ̀.

Mo sunkún. Inú tún bí mi — ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Mo bi í kí ni kí n kọ sínú ìwé Oníbọ̀wọ́. Ó ní orúkọ tèmi ló máa wà níbẹ̀, kì í ṣe tòun.

Mo ti yí àwòrán bàbá mi kọjú síta. Ẹ má bínú, Bàbá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tí mo kọ rèé: "Ilẹ̀kùn òsì, ibi mẹ́ta, èmi ni mo kùn ún. Fẹ́ńdà òsì, bàbá mi ni." Mo kọ ọjọ́ méjèèjì sí i. Mo buwọ́ lù ú.

Oníbọ̀wọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ — ìgbà àkọ́kọ́ — ó fi ọwọ́ lásán pa fẹ́ńdà náà, ó ń wá ibi tí ọ̀dà méjèèjì ti pàdé. Kò rí i. Irọ́ kankan ò sí lójú ọkùnrin yẹn. Láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ni mo ti ń fura sí i lásán.

Ó ní, "Kí ni ọkọ̀ yìí gbá?"

Ìyá mi ló dáhùn láti orí àga ẹ̀. "Èmi ni."

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Ìyá mi ní kó dìde, kí ló mọ̀ nípa ẹ̀? Oníbọ̀wọ́ ní àfihàn ti bọ́, àmọ́ irọ́ tí òun ò mọ̀ pé òun ń pa ti bọ́ lọ́rùn òun náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ìyá mi wá mú ọ̀pá ẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rìn sọdá títì. Ó dúró, ó yíjú sí wa. "Ẹ gbé e jáde, kí n wò ó."

Oníbọ̀wọ́ ò jẹ́ wà á. Èmi, òun àti Bọ̀ọ̀dá Rọra la jọ tì í jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. "Ẹ rọra, ẹ rọra." Ìyá mi ju ọwọ́ sí wa pé kí a dúró. Ó wò ó, ó wò ó.

Ó ní, "Ilẹ̀kùn yẹn ṣì dúdú díẹ̀."

Mo bi í pé fẹ́ńdà ńkọ́.

Ó ní, "Kí ló ṣe fẹ́ńdà?"

Lọ́la ni mo máa tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe.