Ojú Ìyàwó Mi Tí Mo Tún Ṣe

Olóòtú ètò wa àtàtà lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyàwó mi pé ọgọ́ta ọdún, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi kọ̀ǹpútà pa gbogbo ibi tó hunjọ lójú rẹ̀ rẹ́ láìsọ fún un. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí nígbà náà, mo sì ń tijú kí àwọn oníbàárà mi rí i bó ṣe rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé fọ́tò náà lọ bá dókítà pé kí wọ́n dá ojú yẹn padà fún òun. Dókítà ní abẹ́rẹ́ kan máa dẹ iṣan iwájú orí fún oṣù mélòó kan. Èkejì máa dí ibi tó jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó sì máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Bàbá àwọn ọmọ, èwo ni kí n gbà?”

Mo ní kó má gba ìkankan.

“Ẹ gbọ́ ẹni tó ń pa irun láró lóṣooṣù!”

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gún un, n kò sì tíì jẹ́wọ́. Ó máa ń fi fọ́tò yẹn han àwọn ọmọ wa pé, “Bí bàbá yín ṣe ń rí mi nìyí.” Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un?