Àwo Mẹ́rin Tó Ṣẹ́kù

Agbo Ilé Aláró,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, 1909.

Oyèwọlé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọmọ rẹ lẹ́nu nígbà ọyẹ́ sì ti lọ? Ara tèmi le, àfi ọwọ́ tó dúdú bí ó ti máa ń dúdú, àti ojú tó ń tì mí. Má tíì bèèrè ẹni tó bá mi kọ ìwé yìí. N ó sọ ọ́ fún ọ nísàlẹ̀, nítorí bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, o lè má gba ohun tó kù gbọ́.

Ẹkúndayọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó iṣu wá sí Ìbàdàn yóò ti jẹ́ iṣẹ́ mi fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá: pé kí o wá mú Àtinúkẹ́ ọmọ mi kúrò nílé ìwé, kí o mú un lọ fún àbúrò ìyá wa ní Ìwó, kí ó máa bá wọn ta epo níbẹ̀. Mo mọ̀ pé inú rẹ kò ní dùn, nítorí ìwọ lo bẹ̀ mí títí tí mo fi gbà kí ọmọ náà lọ kọ́ ìwé. Mo tilẹ̀ fura sí ìwọ náà nígbà yẹn, pé kí lo rí nínú ìwé tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Kí o tó gbéra, jọ̀ọ́, ka ọ̀rọ̀ mi tán.

Láti ara ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o rántí bí aṣọ ṣe máa ń rí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ nínú ìkòkò aró? Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i díẹ̀ ló tó máa ń di aró lójú ẹni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wá dúró tì mí, ó ní, "Ìyá mi, ta ló ń kùn ún lẹ́yìn tó bá jáde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ó ní kí ló dé tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo gbá a lórí, mo ní kó lọ pọnmi.

Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé òmíràn dé. Kí ló dé tí a kì í fi yẹ̀pẹ̀ po aró dípò eérú? Kí ló wà nínú eérú tí kò sí nínú yẹ̀pẹ̀? Mo ní ta ló rán an sí mi. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun, pé Tísà Jacob ló máa ń sọ pé kí àwọn máa wo ohun tó wà nílé àwọn bí ẹni tí kò rí i rí. Oyèwọlé, àyà mi já. Àlejò wo ló ń kọ́ ọmọ pé kó máa wo ilé ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, bí kò ṣe olè?

Èyí tó wá burú ni pé tísà náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń yọ fìlà fún èèyàn bí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àtinúkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n wo ìkòkò yín?" Ó fa ìwé kan yọ, ó ń ya àwòrán ìkòkò, ó ya ajere tí a fi ń sẹ́ omi eérú, ó ya ọmọrí pàápàá. N kò lé e, nítorí pé àlejò ni, ṣùgbọ́n mo dúró síwájú ìkòkò tó dára jù. Mo ti ń gbọ́ pé àwọn oníṣòwò kan lẹ́bàá ilé rélùwéè ń kó aṣọ aró òyìnbó wọlé. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti rán amí wá. Ìfura loògùn àgbà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, aró wa kú. Mo ṣí ìkòkò kìn-ín-ní, òórùn rẹ̀ kò dára; a ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó jáde bí aṣọ tó ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Ìkẹta bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe tèmi nìkan, ti gbogbo àwa obìnrin mẹ́rin tí a jọ ń lo omi eérú kan náà ni. Ìyá Èṣùbíyìí, tó dàgbà jù nínú wa, ní ìbéèrè ló pa aró, pé Ìyá Mápó tó ni iṣẹ́ wa kì í fẹ́ kí a máa tú ìdí ọ̀rọ̀ òun wò. A bọ ọ́. A po òmíràn, ó tún kú. Gbogbo wọn wá ń wò mí, nítorí ọmọ mi ló ń bèèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo rí àwo amọ̀ kékeré méje tí ẹnì kan tò sílẹ̀, tó fi ewé bò. Omi eérú àti ewé ẹ̀lú tí a fi ń po aró wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì èédú sì wà lára wọn. Ta ni yóò rí irú rẹ̀ tí kò ní pariwo? Mo pe Àtinúkẹ́. Kò sẹ́. Ó ní òun ló tò wọ́n, pé òun fẹ́ mọ ohun tó ń pa aró. Lọ́kàn tèmi, ọmọ mi ti ń ṣe oògùn mọ́ mi nìyẹn. Mo fi igi tí a fi ń ro aró lù ú, mo lù ú títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Mo fọ́ àwo mẹ́ta. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Ìyá mi, ẹ lù mí, ẹ má fọ́ àwọn tó kù. Ẹ kàn ti òwú bọ̀ wọ́n lọ́la." Mo ti ọmọ náà mọ́ yàrá. Ọjọ́ náà gan-an ni mo rán Ẹkúndayọ̀ sí ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ìdí àwo mẹ́rin tó ṣẹ́kù. Má rò pé mo gba ọmọ náà gbọ́ o. Mo fẹ́ fi hàn án pé irọ́ ló ń pa ni. Mo já òwú funfun mẹ́rin, mo ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ àwo kọ̀ọ̀kan. Èkínní jáde bí ẹrẹ̀. Èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Mo ti ń mi orí. Mo fa ẹ̀kẹrin yọ, ó jáde ní àwọ̀ ewé. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Bí mo ṣe ń wò ó ló ń yí padà, láti etí wá sí àárín, títí ó fi di aró, aró gidi, aró tó mọ́. Oyèwọlé, ẹnu yà mí, omi sì lé sí mi lójú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo pọ̀n ọ́, tí ìyá wa fa aṣọ yọ nínú aró, tí mo figbe ta pé, "Ẹ wá wò ó o, aṣọ ń yíra padà!" Mo sáré yí agbo ilé ká, ìwọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ìyá wa ní kí n yé pariwo asán, kí n wá ro aró. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, ṣùgbọ́n n kò rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n eérú wo ló wà nínú àwo yìí? Àmì wà lára rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n kà. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò sí ẹlòmíràn nínú agbo ilé wa tó mọ̀wé. Mo ní láti lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí mo lù. Apá rẹ̀ ṣì wú. Mo gbé àwo síwájú rẹ̀, mo ní, "Kí lo kọ síbẹ̀?" Ó ń bẹ̀rù, ó ní, "Eérú igi láti Sẹ̀kọ̀nà, ìyókù ti tẹ́lẹ̀." Mo ní àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ó ní, "Eérú tí ẹ gbé wá lóṣù tó kọjá ni. Mo bu omi púpọ̀ sí ọ̀kan, mo bu díẹ̀ sí ọ̀kan, mo sẹ́ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tó mú un dára."

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo fi pamọ́. Sẹ̀kọ̀nà ni a ti máa ń lọ gbé eérú igi. Lóṣù tó kọjá òjò pọ̀, orúnkún ń dùn mí, mo sì rí òkìtì eérú tí ọkọ̀ ojú irin dà sílẹ̀ lẹ́bàá ilé rélùwéè. Mo ní eérú ni eérú ń jẹ́. Mo kó o sínú agbọ̀n, mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé láti Sẹ̀kọ̀nà ni. Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná nínú ọkọ̀ náà, kì í ṣe igi. Ìyá wa kì í lo omi eérú láì tọ́ ọ wò; bí kò bá ta á lẹ́nu, a dà á nù. Èmi ti di ọ̀gá, n kì í tọ́ nǹkan wò mọ́. Mo fura sí tísà, mo fura sí oníṣòwò, mo fura sí ọmọ tí mo bí. Ara mi nìkan ni n kò fura sí.

Mo jẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Èṣùbíyìí ní, "Àkànkẹ́, ìwọ tí ò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìwọ náà lo mú olè wọlé." Wọ́n ní èmi nìkan ni n ó máa lọ Sẹ̀kọ̀nà lọ gbé eérú fún gbogbo wa títí ìkórè iṣu. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, orúnkún mi sì ń bú mi.

Lẹ́yìn náà mo mú Àtinúkẹ́, ó di ọ̀dọ̀ tísà. Mo fẹ́ mú tísà náà níbi tí kò ti lè sá. Mo ní, "Sọ fún mi, ìwọ amòye, kí ló dé tí aṣọ fi ń yí padà?" Ó yọ fìlà, ó ní, "Ìyá, n ò mọ̀. Mo ti wá a nínú gbogbo ìwé tí mo ní, n ò rí i. Ohun tó gbé mi wá sílé yín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn." Mo gba ìwé àwòrán rẹ̀, mo ní kí ọmọ mi ka ohun tó kọ sábẹ́ ìkòkò mi. Kò ju "A kò tíì mọ̀" lọ. Mo mọ bí a ṣe ń fura sí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Ẹni tó ní òun kò mọ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń dán bó ṣe ń sọ ọ́, n kò tíì mọ bí n ó ṣe fura sí i. Síbẹ̀, mo ṣì ń ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, má wá mú Àtinúkẹ́ lọ. Ó ti padà sílé ìwé. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo gbà fún un lójúmọ́. Kí oòrùn tó ta, ó ti bi mí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti ń tọrọ ẹ̀kẹrin. Aró wa ti jí. Òwú tí mo fi di ìwé yìí ni òwú tó yí padà lọ́wọ́ mi.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí á fọwọ́ ara wa ba iṣẹ́ ọwọ́ wa jẹ́. Kí ohun tí ò ń wò lójoojúmọ́ má di ohun tí o kò rí mọ́. Ọmọ rẹ yóò dàgbà, yóò bi ọ́ ní ìbéèrè, ọwọ́ rẹ kò sì ní yá ju etí rẹ lọ. Àṣẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Àkànkẹ́ Aláró.

Ohun tó kù: Tísà Jacob ní òun yóò bá mi kọ ìwé yìí, mo kọ̀, n kò tíì fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀. Àtinúkẹ́ ló kọ ọ́. Mo ń sọ, ó ń kọ. Nígbà tí a parí, mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á dáadáa títí ó fi dé ìdí àwo méje, ó wá fo ibẹ̀, ó bọ́ sí ibi tí mo ti rán Ẹkúndayọ̀. Mo ní ibi tí mo ti lù ọ́ dà? Ó ní òun kò fẹ́ kí ìwọ, bàbá òun tó wà ní Ìbàdàn, bínú sí mi. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, òun náà sì ní òun ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi wò ó? Jọ̀ọ́, àbúrò mi, wò ó dáadáa. Bí o kò bá rí i níbẹ̀ pé mo lù ú títí ọwọ́ fi ń dùn mí, ránṣẹ́ sí mi.