Ọwọ́ Ọ̀tún Ìyá Lídíà

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì, 1913. Àjà-Wẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ní ó ń bọ̀ ti dé. Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́, kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìpóbẹ̀ wá, síbẹ̀ bàtà rẹ̀ ń dán lábẹ́ eruku. Bàtà-Dídán ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Iṣẹ́ tí àwọn àgbà ìjọ ní Àjàṣẹ́ rán an sí mi kò gùn: Tíṣà, ẹ ti ṣe é tó, ẹ wálé wá sinmi, kí ẹ fa ìjọ lé Fákẹ́yẹ lọ́wọ́ bí Àjíǹde bá ti kọjá. Mo ní ó dára. Kò dára rárá. Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí? Amọ̀ ilé ìjọsìn yìí, ẹsẹ̀ mi ni mo fi pò ó. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, mo fi hàn án. Ó béèrè bí ìjọ ṣe pọ̀ tó, mo ní kó lọ sùn ná.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

Mo lọ wo Ìyá Lídíà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti mú un lápá ọ̀tún, ọwọ́ náà kò ṣe nǹkan kan mọ́, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Mo gbàdúrà. Ó fi ọwọ́ òsì di aṣọ mi mú, kò fẹ́ jẹ́ kí n lọ.

Òun ni èso àkọ́kọ́ iṣẹ́ mi níbí. Ilé bàbá rẹ̀ ní Masẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣàńlá, òun ni wọ́n sì yàn pé kó máa jókòó lórí ẹní òrìṣà náà, kó tó gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu mi. Ọjọ́ tó gba ìrìbọmi, gbogbo ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní kò ní pẹ́ kú. Ó sì wà láàyè fún nǹkan bí ogún ọdún, ó ń ta iyọ̀ fún àwọn tó ní yóò kú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ń tọrọ: kó sá eré rẹ̀ dópin sọ́dọ̀ Jésù, kí èmi tí mo mú un wọlé sì jẹ́ ẹni tí yóò sin ín. Bó bá dára fún un títí dé òpin, iṣẹ́ mi kò já sásán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ — n kò fẹ́ kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Máàṣì

Ọ̀ràn ti dé. Ìbídùn, ọmọ Ìyá Lídíà, wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹyìn. Kò jókòó. Ó ní láti àná ni ìyá òun ti ń wí ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá: padà, padà, Masẹ̀. Mo sáré lọ. Mo tẹ́tí sẹ́nu arúgbó náà fúnra mi. Padà ni mo gbọ́. Masẹ̀ ni mo gbọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń na ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ó fẹ́ padà sídìí Ọ̀ṣàńlá. Kí ènìyàn rìn jìnnà tó báyìí, kó wá yà sínú igbó nígbà tó ku díẹ̀ kó wọlé! Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 9 Máàṣì

Mo wàásù lórí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí kò sí níbẹ̀, ó sùn sílé pẹ̀lú ẹnu wíwọ́. Ta wá ni mo ń jágbe mọ́?

Bàtà-Dídán ní ìwàásù náà lágbára. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 Máàṣì

Mo sọ fún Bàtà-Dídán pé kò sí fífa ohunkóhun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Àjíǹde mọ́. Àgùntàn mi àkọ́kọ́ ń ṣìnà lọ, n kò ní fi í sílẹ̀ fún ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí a jọ lọ jókòó ti ìyá náà, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Inú bí mi pé inú kò bí i.

Kí n má purọ́ fún ìwé tèmi: nígbà tí mo rí i pé mo ti rí ìdí láti dúró, ara mi yá gágá. Ìyá kan ń kú lọ, ara mi ń yá. Olúwa, wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Àgbékẹ́ dé láti Masẹ̀, àbúrò Ìyá Lídíà, òun àti ọkùnrin mẹ́rin, pẹ̀lú igi àti aṣọ tí wọ́n ń fi gbé aláìsàn. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo na apá mi méjèèjì. Mo ní Ọlọ́run ló ni ín, wọn kò ní gbé e lọ bọ nǹkan kan lé e lórí. Mo sọ púpọ̀. N kò lè kọ gbogbo rẹ̀.

Obìnrin náà kò bínú. Funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, “Tíṣà, ẹ ti bi í léèrè ohun tó fẹ́?” Mo ní a kì í fi ìbéèrè sí aláìsàn lẹ́nu. Ó wò mí títí, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n lọ.

Ìyá Lídíà sunkún lẹ́yìn wọn. Mo ní ìrònúpìwàdà ni. Ìbídùn kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi jáde.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Mo gbá ilé ìjọsìn lẹ́ẹ̀mejì. Kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Àwọn gáàdì kọ̀máńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, wọ ìlú láàárọ̀ láti kó ọkùnrin lọ ṣe ọ̀nà. Gbogbo ọkùnrin bọ́ sínú oko lọ́nà Ìpinlẹ̀. Èmi náà sá. Pẹ̀lú ewú orí mi, mo sá bí òyà, mo sì jókòó sábẹ́ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ títí oòrùn fi yí.

Bàtà-Dídán nìkan ni kò sá. Ilé Ìyá Lídíà ló lọ jókòó sí, ó ní wọn kò lè gbé arúgbó náà sá, kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Àwọn gáàdì yọjú, wọ́n rí bàtà, ó fi Faransé kí wọn, wọ́n kọjá. Nítorí náà bàtà yẹn wúlò.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tòun ti koríko lórí mi, Bàtà-Dídán ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n Ìyá ró bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní ìyá tó bí bàbá òun, ẹ̀gbà náà ló pa á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sì ṣe máa ń bá a gbé àgbọ̀n ró kó lè sọ̀rọ̀. Ó wá wojú mi. “Tíṣà, kì í ṣe padà. Dá a padà ni wọ́n ń wí.”

Mo ní dá kí ni padà? Ìbídùn ti fa igbá kan yọ lẹ́yìn ìkòkò omi. Ó ṣí i. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣàńlá ni, funfun báláú, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ní kó jù síná kó tó gba ìrìbọmi.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo ní kó sun ún, ó ní, “Mo ti gbọ́.” Mo kà á sí pé ó ti gbà. Ọmọ Yorùbá ni mí, wọ́n bí mi, wọ́n tọ́ mi — n kò ha mọ̀ pé mo ti gbọ́ kì í ṣe mo gbà?

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Lónìí èmi ni mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó sọ nìyí, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín:

Ìlẹ̀kẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ló lò ó kó tó kàn án. Ẹni tó bá gbà á ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà kó tó di pé ẹlòmíràn lè jókòó lórí ẹní náà. Àgbékẹ́ ti ń tọ́jú òrìṣà náà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó ń jókòó sórí ilẹ̀ lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tó ṣófo. Wọn kò tíì gbà pé Ẹfúnwùmí, bí wọ́n ti ń pè é kó tó gba ìrìbọmi, ti lọ. Wọ́n ní ó rin ìrìn àjò ni. Bó bá sì kú tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ẹni Ọ̀ṣàńlá ló kú, wọn yóò wá gbé òkú rẹ̀ lọ.

Mo ní kí ló dé tí kò dá a padà nígbà tí ara rẹ̀ le? Ó ní ojú ń ti òun. Ó ní ó rọrùn láti kúrò nílé, ṣùgbọ́n láti padà lọ wí fún wọn pé òun ti kúrò, ìyẹn le. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi láti àárọ̀. “Tíṣà, n kò fẹ́ dé iwájú Jésù pẹ̀lú ohun olóhun.”

Èmi sì na apá sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì

Mo bẹ Fákẹ́yẹ pé kó bá wa gbé igi lọ́la. Ó ní òun ti wá aṣọ.

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

A gbé e dé Masẹ̀ kí oòrùn tó mú. Fákẹ́yẹ wà níwájú, èmi lẹ́yìn, àwọn ọmọ ìjọ méjì ń gbà fún wa. Ó rẹ̀ mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó rẹ̀ mí, àwọn ará Àjàṣẹ́ kò parọ́.

Mo ní a kò ní wọ ilé òrìṣà. Wọ́n ní ó dára, wọ́n jáde sí àgbàlá, gbogbo ilé, funfun lọ súà. Wọ́n gbé ẹní náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ. Mo rí i bí aṣọ tí wọ́n fi bò ó ti mọ́ tó. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún ẹni tí kò sí nílé.

Ìyá Lídíà na igbá náà pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Kùn-kùn-kùn bẹ̀rẹ̀. Àgbékẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, omi ti wà lójú rẹ̀. Ta ni yóò fi ọwọ́ òsì dá nǹkan òrìṣà padà, ta ni yóò gbà á? Èébú ni, kì í ṣe ìdápadà. Ọwọ́ ọ̀tún sì nìyẹn lórí itan rẹ̀, bí nǹkan tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Mo rò pé asán la rìn.

Ó yí ojú sí mi. Kò dúró kí n gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró, ó wí i bí ẹnu rẹ̀ ti rí, mo sì gbọ́ ọ kedere. “Bá mi gbé e.”

Ọwọ́ mi, tí n kò fi kan ohun òrìṣà rí láti ọjọ́ tí mo ti gbàgbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo Fákẹ́yẹ. Mo kúnlẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Ìbídùn kó ìlẹ̀kẹ̀ lé e, mo sì gbé ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀. Wọ́n wúwo ju bí mo ti rò lọ. Fákẹ́yẹ ló gbé àgbọ̀n.

“Mo sìn ín,” ni Ìyá wí. “Mo kúrò. N kò ní padà mọ́. Àgbékẹ́, jókòó.”

Àgbékẹ́ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wá lọ jókòó lórí ẹní náà, ó sì sunkún bí ọmọdé. N kò mọ bí n ó ṣe ròyìn èyí fún àwọn àgbà ìjọ. Bóyá n kò ní ròyìn rẹ̀. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì wá a.

Ní ọ̀nà bí a ti ń bọ̀, Ìyá sùn. Èmi ni ọkàn mi kò sùn. Ìjọ, ilé amọ̀, àwọn ènìyàn tí mo ń pè ní tèmi. Ta ló ni wọ́n?

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Máàṣì

Ìyá Lídíà lọ ní àárọ̀ yìí, Ẹtì Rere, bí Ìbídùn ti ń fún un ní ẹ̀kọ. Ó gbé e mì, ó mí, ó tán.

Mo ránṣẹ́ sí Masẹ̀. Wọ́n dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọn kò béèrè òkú. Wọ́n béèrè ibi tí àwa fẹ́ kí isà òkú wà, wọ́n sì bá wa gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Máàṣì

Mo ti múra. Mo ti wọ ẹ̀wù dúdú mi, mo ti ṣí ìwé ìsìnkú sí ibi tó yẹ. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo padà, mo jókòó, mo tún dìde. Ohun tí mo ń tọrọ láti ọjọ́ yìí wá nìyí. Mo lọ bá Fákẹ́yẹ, mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní, “Tíṣà, ti ẹ̀yin ni Ìyá.” Mo ní rárá.

Mo dúró láàárín àwọn ará Masẹ̀. Ó kàwé dáadáa, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, n kò tún un ṣe fún un. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó pè é ní Lídíà Ẹfúnwùmí. Èmi kò fi orúkọ kejì yẹn pè é rí láti ìgbà ìrìbọmi. Igbe ta lẹ́yìn mi, láti ọ̀dọ̀ Àgbékẹ́ àti gbogbo àwọn aláṣọ funfun, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń sin.

Ó kan orin. Gbogbo ìjọ wojú mi pé kí n dá a. Mo wo ilẹ̀. Fákẹ́yẹ dúró díẹ̀, ó wá dá a fúnra rẹ̀, ohùn náà ga jù, kò sí ẹni tó lè bá a dé òkè yẹn.

Mo gbè é.